Odi Hadrian, Ìyá Àgbà àti Owó Amọ̀nà

Ìbéèrè tí ó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ìlú Leeds ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì ń gbé, ọdún kẹrin wa nílẹ̀ yìí rèé. Lọ́dún tó kọjá, a wọ bọ́ọ̀sì àwọn tí ń mú èèyàn ṣe afẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, a lọ wo Windsor, Stonehenge àti Bath lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó gọbọi ni a san, ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, áísìkiriìmù nìkan ni ọmọ mi ọkùnrin rántí. Ìyá mi ń bọ̀ láti ilé ní oṣù Keje, mo sì fẹ́ kó gbogbo wa lọ wo Odi Hadrian, odi àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù mọ ní àríwá England. Ṣé kí n tún sanwó fún amọ̀nà ni, àbí kí a dá lọ fúnra wa? Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá àti ọmọ ọdún méje ni àwọn ọmọ náà."

Ẹ kú ìmúra de màmá o. Kí n kọ́kọ́ fèsì ná kí n tó máa ṣàlàyé: ẹ sanwó fún amọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó fún bọ́ọ̀sì. Ẹ wa ọkọ̀ ara yín lọ, ẹ sun oorun alẹ́ kan níbẹ̀ bí agbára bá ká a, kí ẹ sì bẹ ẹni kan tí ó mọ ilẹ̀ náà lọ́wẹ̀ láti bá yín rìn fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní ibi kan ṣoṣo. Ìyókù, ẹ lè dá a ṣe. Ọ̀rọ̀ amọ̀nà kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ibi tí ó ti wúlò jù lọ ni ibi tí àwókù kò ti ga, tí ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé òkúta àti àgùntàn lásán ni òun wá wò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín ní Stonehenge kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láàárín òwúrọ̀ àti alẹ́, orí ìjókòó ọkọ̀ ni yóò ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, ilé ìgbàlejò ni ó ń gúnlẹ̀ sí, èyí tí ó fi bíi máìlì kan àtààbọ̀ jìnnà sí àwọn òkúta àtijọ́ ńláńlá tí a tò yípo, tí ẹ wá wò. Ẹ óò tún wọ bọ́ọ̀sì kékeré, ẹ óò wá rìn yí ẹ̀yìn okùn ká, nítorí pé láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọn kò ti jẹ́ kí àlejò ojoojúmọ́ wọ àárín wọn mọ́. Ogún ìṣẹ́jú ti tó fún ojú láti rí gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí ojú kò lè rí ni pé láti igbó West Woods lẹ́bàá Marlborough ni wọ́n ti wọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òkúta ńláńlá náà wá, pé láti orí òkè Preseli ní Wales ni wọ́n ti gbé àwọn kékeré wá, àti pé ní ọdún 2024 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé láti ìhà àríwá Scotland ni èyí tí wọ́n ń pè ní Òkúta Pẹpẹ ti wá. Ọmọ ọdún méje kan tí ó bá gbọ́ èyí yóò béèrè bí wọ́n ṣe gbé e. Amọ̀nà orí bọ́ọ̀sì tí ó ti ń wo aago nítorí Bath kò ráyè dáhùn.

Èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ yìí láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwalẹ̀pìtàn, kí n tó di ẹni tí ń mú àlejò kiri fúnra mi, mo wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí Odi Hadrian yìí kan náà. Amọ̀nà wa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní àwọn ará Róòmù mọ odi náà láti fi ya England nípa kúrò lára Scotland. Ó fún wa ní ogójì ìṣẹ́jú, a sì lo èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ lórí ìlà ilé ìtọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ife tíì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Inú England ni gbogbo odi náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n, kò tíì sí ilẹ̀ tí ń jẹ́ England tàbí Scotland rárá. Mo fi ọdún méjì gbàgbọ́ pé mo ti mọ ibẹ̀ kí ẹnìkan tó tún mi mú lọ.

Ní ọdún 122 lẹ́yìn ìbí Kristi ni Hadrian, ọba ńlá Róòmù, wá sí Bìrìtéènì, ìgbà náà ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́ta ni ó mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó gùn tó kìlómítà 117, láti Wallsend lẹ́bàá odò Tyne ní ìlà-oòrùn dé Bowness-on-Solway ní ìwọ̀-oòrùn. Òkúta ni wọ́n fi mọ apá ìlà-oòrùn. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, erùpẹ̀ tòun ti koríko orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé ní ègé ègé tí wọ́n tò léra wọn, kí òkúta tó wá rọ́pò rẹ̀.

Mo pè é ní odi nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn, ní ìtumọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ń lo ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ògiri lásán. Yàrà wà níwájú rẹ̀ ní ìhà àríwá. Yàrà mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà gúúsù, pẹ̀lú òkìtì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà kàn ṣèèṣì rìn wọ ilẹ̀ àwọn ọmọ ogun. Ní máìlì Róòmù kọ̀ọ̀kan ni bodè kékeré kan wà tí sójà ń ṣọ́, ilé ìṣọ́ méjì sì wà láàárín bodè kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ da màlúù kọjá tàbí kí ó ru ọjà kọjá, ojú oníbodè ni yóò gbà. Àwọn ìwé tí mo kà ní yunifásítì lo ojú ewé púpọ̀ láti ṣàlàyé pé odi náà kì í ṣe fún ogun nìkan, pé ó tún wà láti mọ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ́: oníbodè.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé màmá yóò tètè lóye ibẹ̀ ju gbogbo yín lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ti ń bọ̀. Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ yín po fún nǹkan bíi kìlómítà 160, yàrà àti òkìtì tí ó jẹ́ pé ní àwọn ibì kan, láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ yàrà, ó tó mítà 20. Ó gùn ju Odi Hadrian lọ, erùpẹ̀ pupa ni wọ́n sì fi ṣe é nínú igbó kìjikìji. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo ti mú lọ sí Northumberland, níbi tí apá kan Odi Hadrian wà, ni kò fojú kan Erédò rí. Bí màmá bá ti dé Òkè-Ẹrí rí, níbi tí wọ́n ní sàréè Bilikisu Súngbọ́ wà, ẹ ní kí ó sọ fún àwọn ọmọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ lọ. Láti Leeds síbẹ̀ gba nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀, ọ̀rọ̀ a sì wà láti sọ.

Ní báyìí, ẹ óò béèrè pé bí odi bá gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ni amọ̀nà tún fẹ́ fi hàn wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òkúta odi náà ti lọ. Láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún àtààbọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ṣa òkúta àwọn ará Róòmù lọ kọ́lé, kọ́ ọgbà màlúù, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wọ abẹ́ ilẹ̀ ilé ìjọsìn ńlá tí ó wà ní Hexham, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 674, ẹ óò rí òkúta Róòmù tí àkọlé Látìnì ṣì wà lára rẹ̀ nínú ògiri. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Jacobite láti Scotland dì sí ọba ní ọdún 1745 ni ìjọba tún la ojú ọ̀nà kan fún àwọn ọmọ ogun láti Newcastle lọ sí Carlisle, wọ́n wó ohun tí ó kù lára odi fún ọ̀pọ̀ máìlì, wọ́n sì tẹ́ ojú ọ̀nà lé ìpìlẹ̀ rẹ̀ lórí. Ojú ọ̀nà náà ni B6318 òde òní. Òun gan-an ni ẹ óò wà lọ, táyà ọkọ̀ yín yóò sì máa yí lórí odi tí ẹ wá wò.

Èyí tí ó tún fara sin ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ John Clayton. Lọ́yà ni, Newcastle ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé láti ọdún 1792 sí 1890, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ ra oko tí odi gba inú rẹ̀ kọjá kí àwọn èèyàn má baà kó òkúta rẹ̀ tán. Ohun rere ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa ṣa òkúta tí ó ti já lulẹ̀, wọn a tún un tò padà láìlo ohun amọ̀ kankan, wọn a sì da koríko bo orí rẹ̀. Nítorí náà, apá odi tí ẹ máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ àwòrán, tí koríko wà lórí rẹ̀, tí ó ń gun òkè sọ̀ kalẹ̀, òkúta Róòmù ni, àmọ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Clayton ni ó tò ó. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fi ń dán amọ̀nà wò. Bí ẹ bá pè é lórí tẹlifóònù, ẹ kàn bi í pé: "Níbi tí ẹ óò mú wa dé, apá wo ni ti Róòmù gan-an, apá wo ni Clayton tún tò?" Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, kò sì ní tètè gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní ti ibi tí ẹ óò lọ, orúnkún màmá ni yóò pinnu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Chesters. Ibùdó àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú ju ti àwọn yòókù lọ, odò North Tyne sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá odò náà jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí ògiri Róòmù ti ga ju èèyàn lọ ní agbègbè yẹn, ẹ óò rí yàrá ìbọ́ṣọ tí ihò méje tò lára ògiri rẹ̀, àti yàrá gbígbóná àti yàrá tútù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1896, àwọn òkúta tí Clayton kó jọ ni ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ bí ìsọ̀ oníṣòwò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ lo amọ̀nà, nítorí pé gbogbo ìdílé lè bá a rìn láìsí pé ẹnì kan ń dúró lẹ́yìn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lọ sí Vindolanda. Kò sí lórí odi gan-an, ó wà ní ìhà gúúsù rẹ̀ díẹ̀, ibùdó rẹ̀ sì ti wà ṣáájú kí Hadrian tó dé. Ní ọdún 1973 ni àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwọn pátákó tín-ín-rín níbẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, tádàwà sì ṣì wà lára wọn. Ẹ ní kí màmá ronú kan wàláà ọmọ kéwú, ṣùgbọ́n kí ó dínkù tó àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì fẹ́lẹ́ débi pé ó ṣeé ṣẹ́ po ní méjì bí lẹ́tà. Lẹ́tà náà sì ni wọ́n. Ẹnì kan fi ìbọ̀sẹ̀ àti pátá méjì ránṣẹ́ sí sójà kan nínú òtútù. Ọ̀gá kan kọ̀wé pé àwọn ọmọ òun kò ní ọtí bíà mọ́, kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́. Èyí tí ó lókìkí jù lọ ni ti obìnrin kan tí ń jẹ́ Claudia Severa, tí ó ń pe Sulpicia Lepidina, ìyàwó ọ̀gá ibùdó, wá síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ní nǹkan bí ọdún 100. Akọ̀wé ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ọwọ́ Severa fúnra rẹ̀ ni ó fi kún un pé òun ń retí rẹ̀, ó sì pe obìnrin yìí, tí kò sí ohun tí ó fi hàn pé ìyá kan náà ni ó bí wọn, ní arábìnrin òun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kà á mọ́ ìwé Látìnì tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ pé obìnrin kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù ni lẹ́tà náà gan-an wà. Ní Vindolanda, ẹ óò rí díẹ̀ lára àwọn yòókù, pẹ̀lú bàtà rẹpẹtẹ, bàtà ọmọdé wà nínú wọn. Ọmọ ọdún méje máa ń dúró pẹ́ níwájú bàtà.

Mo ti fẹ́ gbàgbé: ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn olùyọ̀ǹda máa ń walẹ̀ ní Vindolanda láàárín ọ̀sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀, ẹ sì lè dúró lẹ́bàá okùn kí ẹ máa wò wọ́n, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdè nítorí èyí nìkan.

Housesteads, ibùdó ọmọ ogun mìíràn lórí odi náà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè ni ó wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ohun méjì ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn wá rí. Èkíní wà ní ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn: ẹ wo òkúta ìloro ibẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ óò rí ojú ibi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti jẹ ẹ́ wọnú. Ẹ ní kí ọmọ fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ihò náà kí ó wọn bí ó ṣe jìn tó. Èkejì ni ṣálángá àwọn ọmọ ogun, ní igun ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù lọ ni wọ́n gbé e sí, kí omi òjò tí ó bá ń ṣàn láti orí òkè lè máa fọ ẹ̀gbin inú kòtò rẹ̀ lọ. Pákó ìjókòó rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n kòtò jíjìn náà ṣì wà, tààrà omi kékeré níwájú rẹ̀ ṣì wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣan kànìnkànìn tí wọ́n fi ń nùdí. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rin sójà ni ó ń gbé ibẹ̀, ìjókòó ọ̀hún sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí aṣọ ìkélé. Kò sí ọmọdé tí mo mú débẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tí ó gbàgbé rẹ̀ nítorí áísìkiriìmù. Àká ọkà wọn náà wà lókè díẹ̀, tí wọ́n fi òpó òkúta kúkúrú gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ ọkà kọjá. Ẹni tí ó ti rí àká àgbàdo ní oko bàbá rẹ̀ kò nílò àlàyé.

Ẹ kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín yóò béèrè: ṣé èèyàn dúdú wà níbẹ̀ nígbà náà? Àwọn ará Áfíríkà wà níbẹ̀. Ní Burgh by Sands, lẹ́bàá Carlisle, àkọlé kan tí wọ́n rí ní abúlé Beaumont nítòsí ibẹ̀ ní ọdún 1934 sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Mauri, àwọn èèyàn ìhà àríwá Áfíríkà, ni ó wà ní ibùdó Róòmù tí ó wà níbẹ̀, láàárín ọdún 253 sí 258. Kò sí àwókù tí ẹ lè wò níbẹ̀. Òkúta ibùdó náà ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ọ̀hún, wọ́n sì gbé àmì ìrántí fún àwọn Mauri náà síbẹ̀ ní ọdún 2016. Ní South Shields, òkúta sàréè ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Victor wà, ará Mauri, ọmọ ogún ọdún, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú kí ọ̀gá rẹ̀ tí í ṣe sójà ẹlẹ́ṣin tó dá a sílẹ̀ lómìnira. Ó hàn pé ọ̀gá náà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé òkúta ọ̀hún kì í ṣe ti ẹni tí kò lówó. Àní ọba ńlá Septimius Severus fúnra rẹ̀, ọmọ Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà òde òní ni. Ó dé Bìrìtéènì ní ọdún 208, ó sì kú sí York ní ọdún 211.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi iyọ̀ sí i. Etí òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Mòrókò àti Àlùjíríà òde òní ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ti wá. Òkúta wọn kò sọ bí àwọ̀ ara wọn ṣe rí, wọn kì í sì í ṣe bàbá ńlá wa. Mo ti gbọ́ tí amọ̀nà kan ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé aláwọ̀ dúdú pé àwọn baba wọn ni ó mọ odi náà, inú àwọn ọmọ sì dùn. Irọ́ tí ó dùn náà irọ́ ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ti tó: pé ọmọ Áfíríkà ti gbé ní etí ilẹ̀ òtútù yìí, tí ó sì kú síbẹ̀, kí àwọn tí a ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Ní ti bí ẹ óò ṣe rí amọ̀nà gidi, àwọn tí wọ́n gba báàjì aláwọ̀ búlúù ti amọ̀nà (Blue Badge) ni wọ́n kàwé iṣẹ́ náà jù lọ ní ilẹ̀ yìí. Ìdánwò ni wọ́n fi ń gbà á, agbègbè ni wọ́n sì fi ń yàn wọ́n, nítorí náà ẹ bèèrè ẹni tí báàjì rẹ̀ jẹ́ ti àríwá England, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Owó tí wọ́n ń gbà jẹ́ fún àkókò, kì í ṣe fún iye orí, ìyẹn ni pé bí ẹ bá rí ìdílé Nàìjíríà mìíràn ní Leeds tí yóò bá yín lọ, ẹ lè jọ pín in. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ìyá àgbà kan wà tí ẹsẹ̀ ń dùn, pé ẹ óò máa túmọ̀ sí Yorùbá fún un, nítorí náà kí ó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó sì máa dúró. Amọ̀nà tí ó bá kùn sí ìyẹn kò yẹ fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò kí màmá tó dé, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí York ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn olùyọ̀ǹda kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń mú àlejò rìn kiri ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1951. Ẹ tẹ̀lé wọn, kí ẹ sì kíyè sí ìgbà tí ó rẹ ọmọ kékeré. Iye wákàtí tí ó lè fara dà níbẹ̀ náà ni kí ẹ ra lọ́wọ́ amọ̀nà Northumberland.

Nípa tíkẹ́ẹ̀tì, English Heritage, àjọ tí ń tọ́jú àwọn ibi ìtàn, ni ó ń bójú tó Chesters àti Housesteads. Bí ẹ bá di ọmọ ẹgbẹ́ wọn fún ọdún kan, àwọn ọmọ yóò máa bá yín wọlé láìsan owó mìíràn, ẹ ó sì tún rí i lò fún àwọn ibi tí ó yí Leeds ká. Vindolanda kò sí lábẹ́ wọn, owó rẹ̀ dá dúró. Owó ìgbọ́kọ̀sí ní Housesteads náà dá dúró, ẹ má bínú nígbà tí ẹ bá rí i. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ibẹ̀ kọjá àwàdà, àní ní oṣù Keje: ẹ wá ẹ̀wù òtútù tí kò ń gba omi wọlé fún màmá, ẹ má sì jẹ́ kí ó wọ sálúbàtà, nítorí koríko ibẹ̀ máa ń yọ̀. Ẹ tún gbé ìjókòó kékeré tí ó ṣeé ká dání, nítorí pé láàárín àwókù, ibi ìjókòó kò pọ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí èèyàn jókòó lórí odi.

Bí màmá bá sì dé ìsàlẹ̀ Housesteads tí ó ní òun kò lè ti Ìjẹ̀bú wá kí òun má gun òkè náà, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbàlejò léèrè bóyá ọkọ̀ yín lè gbé e súnmọ́ òkè ju ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ. Ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yin àgbà kan dúró tì í lókè nígbà tí àwọn ọmọ bá sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ṣálángá.